Ẹ̀jẹ̀ Tí Mo Pè Ní Ìdáhùn Àdúrà

Ọmọ tuntun kan wà ní ilé kejì sí tiwa ní Nima níbí, ní Accra. Bó bá ti ké, ọwọ́ mi a máa lọ fúnra rẹ̀ sí abẹ́ ìdodo mi, níbi tí àpá abẹ wà, màá sì dúró bẹ́ẹ̀ títí ìyá rẹ̀ yóò fi fi ọmú sí i lẹ́nu. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo mọ̀ pé kò sí ohunkóhun nínú mi mọ́ tó lè dá ọmọ náà lóhùn. Àwọn dókítà ti yọ ilé ọmọ mi, wọ́n ti gbé e lọ. Síbẹ̀ ọwọ́ mi ò gbọ́. Ta ni mo fẹ́ sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún bí kò ṣe ẹ̀yin tí ẹ kò mọ ojú mi? Obìnrin tó ń bá àwọn ẹlòmíràn wí ni mí ní àdúgbò yìí. Ẹnu mi mú, mi ò sì gba ìgbàkugbà. Bí mo bá lọ jókòó ti aládùúgbò kan tí mo ní àárò ọmọ tí mi ò bí rí ń sọ mí, wọ́n á ní ẹ wo ẹni tó ń kọ́ wa ní sùúrù!

Accra ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n ará Ọ̀fà ni bàbá àti ìyá mi, òwò ló gbé wọn wá. Àwọn ará ibí ń pe àwa Yorùbá ní Alátà, a sì ti ń jẹ́ ẹ. Wọn kò rán mi lọ sílé ìwé nígbà tí mo wà ní kékeré nítorí pé obìnrin ni mí. Igbá ni wọ́n gbé lé mi lórí. Mo ti pẹ́ nílé ọkọ kí n tó lọ jókòó ní kíláàsì àwọn àgbà, tí ọmọkùnrin tí mo tó bí lọ́mọ ń kọ́ mi ní a, b, d lójú pátákó. Ojú tì mí títí títì fi sú ojú. Mo kọ́ ọ, mo sì mọ̀ ọ́n. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kó àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí wa jọ ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, mò ń kọ́ wọn ní ìwé díẹ̀, ẹ̀sìn díẹ̀. Ohun méjì ni mo máa ń tẹnu mọ́: kí obìnrin má fi ìrun rẹ̀ ṣeré, kó má sì gba àhesọ gbọ́. Bí ẹnìkan bá ní ọmọ báyìí ni bàbá àgbà tó padà wá sáyé, tàbí pé bí aboyún bá rìn lọ́sàn-án gangan, iwin yóò wọ inú rẹ̀, èmi ni màá bi í pé, "Níbo lo ti kà á?" Wọ́n sọ ọ́ di orúkọ mi. Bí mo bá ń bọ̀ lọ́nà báyìí, ẹ ó gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé, "Ẹ mú ẹnu yín dákẹ́ o, Màámi Níbo-Lo-Ti-Kà-Á ń bọ̀."

Aṣọ ọmọ wẹ́wẹ́ ni mò ń tà ní ọjà Kantamanto, àwọn aṣọ òyìnbó tí wọ́n ti wọ̀ rí. Ẹ ò rí nǹkan! Obìnrin tí kò bímọ, aṣọ ọmọ ló ń tà. Nígbà tí mo bá tú ìdì tuntun, kí n tó jẹ́ kí oníbàárà kankan fọwọ́ kàn án, màá wá ẹyọ kan tó dára jù nínú rẹ̀, màá sì fi í sínú àpò mi. Àpótí kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi tó kún fún wọn: fìlà onírun tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè, súwẹ́tà tí bọ́tìnnì rẹ̀ dà bí ẹyẹ pẹ́pẹ́yẹ, ìbọ̀sẹ̀ tí kò ju àtàǹpàkò mi lọ. Mi ò fi han ẹnikẹ́ni. Mo sọ fún ara mi pé àṣà oníṣòwò lásán ni.

Télọ̀ ni ọkọ mi. Àwọn ẹbí rẹ̀ ní kó fẹ́ ẹlòmíràn, ẹ̀sìn wa gbà á láyè, èmi gan-an sì bẹ̀ ẹ́ pé kó fẹ́ ẹ. Ó ní, "Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni ẹsẹ̀ mi lè tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ méjì, kó wá." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ ti túbọ̀ ń wù mí bí omi ṣe ń wu ẹni tó ń gbààwẹ̀. Kì í ṣe pé kí wọ́n lè máa pè mí ní ìyá lágbájá nìkan. Ó wù mí kí n rí nǹkan gbé lé ọkùnrin yẹn lọ́wọ́, nǹkan tó gbóná, tó ń ta ẹsẹ̀.

Nǹkan oṣù mi dáwọ́ dúró nígbà tó yẹ kó dúró. Mo sọkún, mo nu ojú, mo ní ohun tí Ọlọ́run bá ṣe, ó tọ́ ni. Ọdún gorí ọdún. Mo ti wọ ẹgbẹ́ àwọn ìyá tí wọ́n ń kírun tí wọ́n sì ń gbààwẹ̀ láìdá ọjọ́ kankan sí. Àfi ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí mo fẹ́ ṣe àlùwàlá, tí mo rí ẹ̀jẹ̀. Kò pọ̀. Ó kàn tó kí ojú rí i ni. Ṣé ẹ rò pé ẹ̀rù bà mí? Ẹ̀rù ò bà mí rárá. Ayọ̀ ni! Mo jókòó sórí àpótí inú ilé ìwẹ̀, mo fi aṣọ bo ẹnu kí ọkọ mi má baà gbọ́ ẹ̀rín mi. Ìyàwó Ànábì Ìbúráhímù ni ọkàn mi lọ bá, ìyá arúgbó tó rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n ní yóò bímọ. Mo ní ilẹ̀kùn tí wọ́n tì ti tún ṣí. Mo ní bí nǹkan oṣù bá padà, ọmọ kò jìnnà.

Bí obìnrin tó wà ní nǹkan oṣù ṣe ń ṣe ni mo ṣe: mo fi ìrun sílẹ̀. Mo fa àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì jáde, mo fọ gbogbo aṣọ náà, mo sá wọn sí ẹ̀yìnkùlé. Ọkọ mi kọjá, ó wò wọ́n, ó ní, "Ọjà ni?" Mo ní, "Ọjà ni." Èmi tí mo kórìíra irọ́! Mo fẹ́ kó jẹ́ pé ikùn mi ni yóò sọ fún un.

Ṣùgbọ́n nǹkan oṣù a máa wá, a sì máa lọ. Èyí kò mọ ọ̀nà ilé. Yóò dá, màá wẹ̀, màá kírun. Kó tó di ọjọ́ kejì yóò tún yọ. Nígbà mìíràn omi ló máa ń jẹ́, omi tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí èyí tí a fi ṣan ẹran. Nǹkan kan ń rọra fà mí nísàlẹ̀ ikùn, bí ìgbà tí ọmọ kékeré bá ń fa etí aṣọ ìyá rẹ̀. Mo rí ìtumọ̀ dáadáa sí gbogbo rẹ̀. Bùbá mi ń ṣò lọ́rùn, mo ní oúnjẹ kì í wu aláboyún. Bí ohun kan bá ń wu ènìyàn, kò sí ibi tí kò ti ní rí i.

Ní ọjọ́ Àìkú, nígbà tí àwọn obìnrin bá tò láti kírun, èmi a jókòó sẹ́yìn. Ọ̀kan nínú wọn ṣẹ́jú sí mi, ó ní, "Ẹ̀hẹ́n, Màámi! Ẹ̀yin náà? Ṣé ẹ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ni?" Gbogbo wọn fi ìbòrí bojú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo ṣe bí ẹni bínú, ṣùgbọ́n inú mi dùn débi pé mo fẹ́ẹ̀ sọ fún wọn.

Ààwẹ̀ Ramadan ń sún mọ́lé. Ọ̀rọ̀ di pé kí n mọ̀ bóyá ààwẹ̀ tọ́ sí mi tàbí kò tọ́ sí mi. Mo lọ bá Ààfáà wa, bàbá àgbàlagbà ará Ìlọrin tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú láti ìgbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú. Mo jókòó lórí ẹní, mo ní, "Ààfáà, obìnrin kan ló ní kí n bá òun béèrè ọ̀rọ̀. Nǹkan oṣù rẹ̀ ti tán láti ọjọ́ pípẹ́. Ó tún padà dé. Ṣé kó kírun ni, àbí kó má kírun?"

Wọ́n pa ìwé tó wà níwájú wọn dé. "Ṣé obìnrin náà wà nítòsí?"

"Ó wà ní Accra níbí."

"Ṣé ó lè gbọ́ ohùn mi báyìí?"

Mo fa ìbòrí mi wá síwájú. Wọ́n ní, "Sọ fún un pé àwọn onímọ̀ wa ti ya ẹ̀jẹ̀ méjì sọ́tọ̀. Ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù wà, ẹ̀jẹ̀ àìsàn sì wà. Ẹni tó ti kọjá ọjọ́ orí ìbímọ bíi tirẹ̀, tó wá ń rí èyí tí kò ní ìlànà, àìsàn la ń kà á sí. Kó wẹ̀, kó máa ṣe àlùwàlá fún ìrun kọ̀ọ̀kan, kó sì kírun rẹ̀. Bó bá ti kí i tán, kó wọ bàtà, kó lọ rí dókítà."

Mo ní, "Ìyàwó Ànábì Ìbúráhímù ńkọ́, Ààfáà? Ṣé òun kò kọjá ọjọ́ orí ni?"

Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Mọ̀láíkà ló wá sọ fún un. Ìwọ, ta ló wá sọ fún ọ?"

Mo bínú kúrò níbẹ̀. Kí ni ọkùnrin mọ̀ nípa ikùn obìnrin? Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣòro láti sọ. Láti ọjọ́ náà, mo mọ òfin, síbẹ̀ mi ò kírun. Bí mo bá tẹ́ ẹní tí mo sì forí kanlẹ̀, mo ti gbà pé ẹ̀jẹ̀ àìsàn ni. Bí mi ò bá kírun, ìrètí mi ṣì wà láàyè. Ìrun tí mo ń lé àwọn obìnrin káàkiri nítorí rẹ̀, òun ni mò ń sá fún nínú yàrá ara mi, nítorí pé ó fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ mi.

Ó wá di ìdájí ọjọ́ kan, ọkọ mi dìde sí ìrun àsùbáà. Ó jókòó létí bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Ìyàwó mi, nǹkan oṣù wo ni kì í tán?" Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. Mo dìde, mo wẹ̀, mo ṣe àlùwàlá, mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo nawọ́ sókè. Nígbà tí iwájú orí mi kan ilẹ̀, mo mọ̀ pé mo ti gbà. Omijé mi rin ẹní. Ó sálámà tán, ó yíjú padà, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Ó ní, "Mo rí àwọn aṣọ lórí okùn. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ọjà. Èmi náà rò ó." Ó nu ojú. "Mo ti gé jálámíà kékeré kan ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ní tí ìwọ bá sọ fún mi ni màá rán an."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ wo àgbàlagbà méjì nínú ilé kan, tí olúkúlùkù ń fi ìrètí kan náà pamọ́ fún èkejì, nígbà tí àrùn ń jẹun lọ ní tirẹ̀!

Ní ọjọ́ náà gan-an la wọ tírótìrò, ọkọ̀ akérò ibí, lọ sí ọsibítù ńlá. Dókítà tó rí mi, ọmọbìnrin Àkán ni, ó ń pè mí ní Máàmé, ìyẹn ìyá ní èdè wọn. Ó béèrè ìgbà tí nǹkan oṣù mi parí, ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ padà, bóyá mo bímọ rí. Ó ní, "Máàmé, ẹ̀jẹ̀ tó bá yọ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti parí pátápátá, bó tiẹ̀ jẹ́ ẹ̀kán kan, a kì í dúró wò ó. Ó lè má jẹ́ nǹkan bàbàrà. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ mọ̀." Mo ní wọ́n ti yẹ ọrùn ilé ọmọ mi wò rí, wọ́n ní kò sí nǹkan níbẹ̀. Ó ní ẹnu ọ̀nà ni wọ́n yẹ̀ wò nígbà yẹn, inú yàrá lòun fẹ́ wò. Wọ́n ya àwòrán inú mi, wọ́n rí i pé awọ tó tẹ́ inú ilé ọmọ mi ti nípọn ju bó ṣe yẹ lọ fún ẹni tó dàgbà tó mi. Wọ́n wá fi ọ̀pá tín-ín-rín bí ẹyọ ìgbálẹ̀ kan mú ẹran díẹ̀ níbẹ̀. Ó dùn mí bí ìnira nǹkan oṣù ìgbà ọmọge. Ìgbà díẹ̀ ni, ó sì tán.

Nígbà tí èsì dé, dókítà fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi. Ó ní àrùn jẹjẹrẹ ilé ọmọ ni. Ó ti mọ́ mi lẹ́nu, mi ò mọ̀gbà tí mo sọ pé, "Níbo lẹ ti kà á?" Kò bínú. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Nínú ẹran ara yín ni mo ti kà á, Máàmé."

Mo ní kó ṣàlàyé, mo sì ní kó tún un sọ. Ó ní kò sí ẹni tó fi ṣe mí. Ó ní ó máa ń mú àwọn tó sanra jù, àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà, àti àwọn tí kò bímọ rí, ju àwọn yòókù lọ, ṣùgbọ́n ó ń mú ọlọ́mọ mẹ́jọ náà. Ẹ gbọ́ o. Ohun tí mo ti ń sunkún lé lórí láti ìgbà èwe mi, òun náà wà lára ohun tó ṣí ọ̀nà fún àrùn. Ó ní ó ti wọ ara ògiri ilé ọmọ díẹ̀, kò tíì jáde. Ó ní abẹ ni, kí wọ́n yọ ilé ọmọ náà pẹ̀lú àwọn ilé ẹyin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà kí wọ́n fi ìtànṣán iná sun ìyókù tí ojú kò lè rí. Ó ní bí a bá ṣe é báyìí, ìrètí pọ̀. Mo ní, "Ìrètí kí ni?" Ó ní, "Ìrètí pé ẹ ó wà láàyè."

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tí a ń pè ní Ìyá Ọ̀fà, gbọ́, ó sì sáré wá láti ìlú Tema. Ó fẹ́ràn mi, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó jókòó, kò mu omi tí mo gbé fún un. Ó ní, "Wọ́n fẹ́ yọ ọ́? O fẹ́ gbà? Ayé tí o wá yìí, o ò bí. Bí o bá gbà kí wọ́n gbé ilé ọmọ rẹ sọnù, kí lo fẹ́ fi bí nígbà tí o bá padà wá? Ṣé ẹ̀ẹ̀mejì lo fẹ́ wá sáyé láìgbọ́ kí ọmọ pè ọ́ ní ìyá?"

Ẹ̀yin òǹkàwé, ó yẹ kí n bi í ní ìbéèrè mi. Gbogbo àdúgbò ló mọ ìbéèrè yẹn mọ́ mi lára. Mi ò gba àtúnwá gbọ́, n kò gbà á gbọ́ rí, ẹ̀sìn mi kò fi kọ́ mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọlé, ó jókòó sínú mi. Mo fi odindi ọ̀sẹ̀ rò ó. Mò ń sọ fún ara mi pé, bó bá wá jẹ́ òótọ́ ńkọ́? Bí mo bá gbé e lọ bó ṣe wà, bóyá níbòmíràn, lẹ́sẹ̀ odò kan tí mi ò mọ̀, obìnrin kan yóò fi ilé ọmọ yìí gan-an bímọ, èmi ni yóò sì jẹ́. Àárò obìnrin yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ mí. Mo fẹ́ kú kí òun lè bímọ. Ẹ ò rí i bí àìní ṣe ń sọ ọlọ́gbọ́n di òpè!

Nígbà tí Ìyá Ọ̀fà tún padà wá gbọ́ èsì, ọkọ mi ló dá a lóhùn. Ó fi ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ó wá bá wa ní pálọ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun. Ìyàwó tí mo fẹ́ wà láyé yìí. Ẹni tó bá wà láyé kejì, kó lọ wá ọkọ tirẹ̀." Ìyá Ọ̀fà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó bú sẹ́kún dípò rẹ̀. Ọkọ mi wá yíjú sí mi. "Ìwọ náà, ìgbà kan wà tí mo lè fẹ́ ọmọ ju ọ́ lọ, mo sì yàn ọ́. Má jẹ́ kí n ti yan lásán."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi lọ sórí tábìlì abẹ. Nọ́ọ̀sì tó ń tì mí lọ ní, "Ẹ̀yin Alátà, ata kì í bà yín lẹ́rù, abẹ ló ń bà yín lẹ́rù?" Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni ohun tí mo rántí kẹ́yìn kí oorun tó gbé mi. Nígbà tí mo jí, mo kọ́kọ́ fọwọ́ kan ikùn mi, bí ìgbà tí ènìyàn bá padà dé ilé tó bá gbogbo yàrá ní òfìfo. Lẹ́yìn náà ni mo lọ fún ìtànṣán. Ó rẹ̀ mí, ìgbẹ́ gbuuru ń yọ mí lẹ́nu, mi ò lè jẹun dáadáa. Ó ti parí báyìí. Mo ń padà lọ fún àyẹ̀wò, títí di òní wọn ò sì rí i mọ́. Mo ń kírun mi pé.

Ẹ̀yin obìnrin, ìkìlọ̀ mi kò pọ̀. Bí nǹkan oṣù rẹ bá ti dáwọ́ dúró fún ọdún kan, tí ẹ̀jẹ̀ tún wá yọ, ìbáà kéré bí ojú abẹ́rẹ́, kì í ṣe èwe ló padà. Ìwọ tí ìgbà tìrẹ kò tíì tán, tí ẹ̀jẹ̀ ń dà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ tàbí tó ń yọ láàárín oṣù, ìwọ náà dìde. Ẹ má fi í ṣe àlá, ẹ má fi í ṣe iṣẹ́ ayé, ẹ má sì fi í ṣe àṣírí. Ẹ lọ kí wọ́n yẹ̀ yín wò. Ẹ̀yin ọkọ tí ẹ rí i, tí ẹ ń wo okùn aṣọ tí ẹ sì dákẹ́, mo bá yín wí pẹ̀lú.

Ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn nìyí. Mo ti padà sí Kantamanto. Nígbà tí mo tú ìdì kan ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo rí aṣọ olómi aró kan tí wọ́n fi òwú kó etí rẹ̀, kó tó di pé mo mọ̀, ó ti wà nínú àpò mi. Àpótí náà ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Jálámíà tí ọkọ mi gé ṣì wà lórí ìṣó ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, apá lọ́tọ̀, ara lọ́tọ̀. Kò rán an, kò sì gbé e kúrò níbẹ̀. Mi ò lè ní kó rán an, mi ò sì lè ní kó jù ú nù. Ẹ̀yin tí ẹ ti la irú rẹ̀ kọjá, kí ni ènìyàn ń fi àwọn nǹkan wọ̀nyí ṣe? Ṣé ìmoore tó wà lọ́kàn mi pé mo wà láàyè yẹ kó ti lé àárò yìí lọ ni? Ẹ má sọ fún mi pé kí n ní sùúrù. Èmi ni mo ń kọ́ àwọn ènìyàn ní ìyẹn.

Ẹ dúró ná. Ọmọ ilé kejì ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ọwọ́ mi sì ti kúrò lórí bírò.